Owó oorun awakọ̀: ìdí tí ẹrù kánjúkánjú fi ń gbówó lórí láàárín Iléṣà àti Èkó

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, a ti na àgọ́ síwájú ilé ní Òkèsà, Iléṣà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a fẹ́ sin ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, ìwé ètò ìsìnkú kò sì tíì dé. Ṣómólú ní Èkó ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní iná kò sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí iná sì dé, ẹ̀rọ tó ń gé ìwé kọṣẹ́. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà ni páálí méjì wọ inú ọkọ̀ ní Èkó. Aago kan òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí iná ọkọ̀ yẹn yọ lójú títì wa. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó nà, ó gbé páálí méjèèjì lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a ṣí i wò, kí a lè rí i pé òjò tí òun pàdé ní Gbọ̀ngán kò kan ìwé kankan. Ọmọ olóòkú ka owó fún un, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, páálí méjì péré lẹ gbé o!" Ọkùnrin náà kò fèsì. Ó tọrọ omi, ó mu ún tán, ó padà sínú ọkọ̀, ó gbé orí lé sítíárìn, oorun sì gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ "páálí méjì péré" yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, nítorí mo ń gbọ́ irú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní Iléṣà àti ní Ifẹ̀. Wọ́n ní owó wéébíìlì ti di owó ọkọ̀ odidi ènìyàn. Wọ́n ní àwọn awakọ̀ ń yan wá jẹ. Àbúrò mi ọkùnrin wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ti bá a jókòó síwájú ọkọ̀ lọ sí Èkó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ohun tí mo rí ni pé a rò pé ojú ọ̀nà nìkan ni a ń sanwó fún. Ìdúró kò sí nínú owó náà, oorun kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun méjèèjì yìí gan-an ni awakọ̀ ń tà fún wa.

Ọ̀nà méjì ni ẹrù kánjúkánjú ń gbà rìn lágbègbè wa. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí èèyàn gbé ẹrù lọ sí gáréèjì, kí wọ́n fi máákà kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò gbà á sára páálí, kí ó ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń retí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ èrò náà ni yóò gbé e, ìdí àga ni ẹrù máa wà. Èyí ò wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní gbéra títí èrò yóò fi kún. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn bí àbúrò mi: bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí kò gbé èrò, ẹrù tí kò lè dúró nìkan ló ń gbé. Wọ́n á pè é lórí fóònù, yóò lọ gbé e lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ni ín, yóò sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń gbà á. Aṣọ ẹbí tí télọ̀ gbọ́dọ̀ gé ní Ọjọ́bọ̀ kí ó tó bá Sátidé. Ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì láti ọjà Ládípọ̀, tí ọkọ̀ agbégi kan ń dúró dè ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Oògùn. Kéèkì ìgbéyàwó, èyí tí àbúrò mi kórìíra jù nínú gbogbo ẹrù, nítorí kòtò kan ṣoṣo tó láti sọ ọ́ di ẹjọ́.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ló máa ń jí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ní kó dé Èkó láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó fẹ́ kọjá Ìwó Road ní Ìbàdàn kí ọkọ̀ tó dì níbẹ̀ ni. Yóò tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ́ńjìnnì, yóò yọ irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yóò nù ún sára àkísà, yóò tì í bọ̀ ọ́, yóò tún yọ ọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹsẹ̀ ta táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò dẹtí sí i bí ẹni tó ń dán ìlù wò. Ó ní táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín, ohùn rẹ̀ máa ń wúwo. Èmi ò mọ ìyàtọ̀ nínú ohùn náà títí dòní, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan tó ní táyà ẹ̀yìn kan kò dùn mọ́ òun nínú, fọganáísà bá ìṣó nínú rẹ̀.

Láti Iléṣà, a ó kọjá Ọ̀sú kí a tó já sí Ifẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 30. Láti Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ju 80 lọ díẹ̀: Ìpetumodù, Gbọ̀ngán, Ìkirè, Aṣèjíre. Ní Ìkirè, àbúrò mi kì í ra dòdò lójú àlọ. Ó ní dòdò kò yá fún ẹni tí kò tíì jíṣẹ́. Òpópónà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó tún jẹ́ bíi 127. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àlọ nìkan tó kìlómítà 240.

Ẹ jẹ́ ká wá fi epo ṣírò. Ọkọ̀ àbúrò mi ń rin bíi kìlómítà mẹ́wàá lórí lítà kan tí ẹrù inú rẹ̀ kò bá pọ̀. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 480, èyí tí í ṣe lítà 48. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó náírà 200 ní ilé epo, lítà 48 kò sì tó ẹgbàárùn-ún náírà. Kí oṣù náà tó parí, ó ti fò kọjá 480. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ó di 617. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Láti ìgbà náà, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á tún gòkè, ṣùgbọ́n kò padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi 1,000 ka lítà kan, epo nìkan jẹ́ 48,000 náírà fún ìrìn àjò tí kò gba ẹgbàárùn-ún tẹ́lẹ̀. Táyà náà ń bẹ níbẹ̀. Michelin ti pa ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà dé ní 2007, Dunlop sì ṣíwọ́ ṣíṣe táyà níbí ní 2008, nítorí náà owó dọ́là ni a fi ń ra táyà tuntun wọlé, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí náírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là láti oṣù Kẹfà 2023 kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ra àlòkù, tí wọ́n á sì máa gbàdúrà lé e lórí.

Ohun tí mo ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n, nítorí gbogbo wa la jọ ń ra epo. Èyí tí a kò mọ̀ ni ìdúró.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá àbúrò mi lọ, a dé Èkó kí aago mẹ́wàá tó lù, a já ẹrù, mo rò pé a ó yí padà. Ó rẹ́rìn-ín. Bí ó bá padà lófìfo, owó tó gbà lówó ẹni tó rán an ni yóò fi ra epo àlọ àti ti àbọ̀, kò sì ní ṣẹ́ ku nǹkan kan fún un. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹrù tó ń bọ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, ì báà jẹ́ Ifẹ̀, Iléṣà tàbí Òṣogbo. A dúró. A sanwó ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Àwọn ọmọ kan wá gba owó, àwọn mìíràn tún wá, wọ́n ní àwọn àkọ́kọ́ kì í ṣe ara wọn. Oòrùn mú, a ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀. Kò lè sùn, nítorí bí ó bá sùn, ẹnìkan lè fa epo jáde nínú táǹkì rẹ̀, tàbí kí fóònù dún kí ó má gbọ́, kí ẹlòmíràn sì gba iṣẹ́ náà. Aago mẹ́rin kọjá kí ìpè tó wọlé: ìdì aṣọ kan, fún Ilé-Ifẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dé lálẹ́ yẹn dandan. Láti ìgbà tí ó ti ta táyà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, ó ti lé ní wákàtí méjìlá. Ẹni tó ni aṣọ kò mọ èyí. Lójú tirẹ̀, awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ọsirélíà dán an wò: wọ́n ní kí àwọn kan má sùn, nígbà mìíràn wọ́n fún àwọn kan náà ní ọtí, wọ́n sì fi iṣẹ́ kan náà wo bí ọwọ́ àti ojú wọn ṣe ń báṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò tíì sùn láti wákàtí 17 sẹ́yìn ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún awakọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó bá di wákàtí 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. A máa ń bínú sí awakọ̀ tó mu paraga ní gáréèjì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a jí láti aago mẹ́ta ààbọ̀ òru tí a sì ní kó gbé aṣọ dé kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù, àwa la fún un ní ọtí tirẹ̀.

Ifẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ibi tí wọ́n máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ló gba ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni níbẹ̀ nígbà náà, fi gbé ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó lérí, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́. Àjọ yẹn ń sọ fún wa pé bọ́ọ̀sì èrò kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 90 lọ láàárín wákàtí kan ní òpópónà márosẹ̀. Láti oṣù Kejì 2017 ni wọ́n ti ń mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù tí kò ní ẹ̀rọ tó ń dá eré dúró. Ó dára. Mo kàn ń ronú pé eré kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti fi wákàtí mẹ́fà ṣòfò ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí awakọ̀ fẹ́ fi ẹsẹ̀ rà á padà. Ẹ fi ìbẹ̀rù ajínigbé kún un: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò sí ẹni tó fẹ́ kí òun nìkan wà nínú igbó.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó kàwé ní OAU wà ní Ohio ní Amẹ́ríkà, irú iṣẹ́ yìí gan-an ló ń ṣe níbẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì ẹrù tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn. Ẹrù tó ń gbé jù ni ẹ̀yà ara mọ́tò fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń to mọ́tò, nítorí bí ẹ̀yà kékeré kan bá tán lójijì, gbogbo iṣẹ́ á dúró, àwọn òṣìṣẹ́ á ká ọwọ́ lẹ́rán. Lórí fóònù ni iṣẹ́ ń wọlé: òun àti àwọn mìíràn á dárúkọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà, ẹni tí iye rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn ló máa gbé e. Máìlì tí ẹrù fi wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń kà fún un. Èyí tó fi wà lófìfo lọ síbi ẹrù, òun ló sábà máa ń rù ú. Ó kan pákó sẹ́yìn ọkọ̀, ó tẹ́ fóòmù lé e, ibẹ̀ ló ń sùn nínú ọgbà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń sinmi, fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ó lè dúró ọjọ́ méjì kí nǹkan kan tó wọlé, kí ó sì wọlé ní aago méjì òru.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí awakọ̀ ẹrù ńlá má wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ lẹ́yìn tó bá ti sinmi wákàtí 10, kí gbogbo rẹ̀ sì wáyé láàárín wákàtí 14. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń ka wákàtí náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ìwọ̀n òun àti ẹrù rẹ̀ kò bá ju 10,000 pọ́n-ùn lọ, nǹkan bíi 4,500 kílò, bọ́ lọ́wọ́ òfin yẹn, àfi tó bá gbé ẹrù eléwu tó gba àmì ìkìlọ̀. Ọkọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n yìí. Oníbàárà kò jẹ́ gbà á níyànjú láti sùn. Pé òfin kò dá a dúró gan-an ni wọ́n ṣe ń pè é. Yúróòpù ti rí ihò yìí. Níbẹ̀, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lójú ọ̀nà, awakọ̀ ẹrù ńlá gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45, òfin tí wọ́n sì ṣe ní 2020 sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2026, bọ́ọ̀sì ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí awakọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é.

Nílé, ìwé la ń bá fà. Ní oṣù Keje 2020, NIPOST, àjọ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, gbé owó ìwé àṣẹ tuntun jáde fún àwọn tó ń jíṣẹ́ ẹrù, mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ariwo ta, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ ìgbà náà, Isa Ali Pantami, sì ní kí wọ́n dá a dúró. Ìyẹn kò kan oorun ẹnikẹ́ni. Ìwé adójútòfò tí òfin ní kí ọkọ̀ ní, èyí tí ti ọkọ̀ àdáni rẹ̀ kúrò ní 5,000 náírà tó di 15,000 ní oṣù Kìíní 2023, ohun tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lára ẹlòmíràn ló wà fún. Kò bo ẹrù tó wà nínú ọkọ̀. Bí páálí bá sọnù tàbí tí kéèkì bá ṣubú, àpò awakọ̀ ni wọ́n á wò.

Kí á tún sọ ti owó tí kì í wá. Ẹni tó rán ẹrù á ní ẹni tó fẹ́ gbà á ni yóò san, ẹni tó gbà á á ní wọ́n ti san án ní Èkó. Àwọn baba wa tó ń gbé aṣọ kiri láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń tà á láwìn, ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, nítorí wọn kì í jókòó bí wọ́n bá wá gba owó: òṣó ni wọn ó ló síwájú ilé títí owó yóò fi jáde. Orúkọ yẹn ti di oríkì fún Ìjẹ̀ṣà. Mo ti rí àbúrò mi lórí ìlóṣòó ní ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ìsọ̀kùn ní aago mẹ́wàá alẹ́ nítorí owó ẹrù tó ti já kalẹ̀, tí àwọn ará ilé sì ti tilẹ̀kùn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àwọn baba wa ni pé aṣọ ni wọ́n tà, wọ́n sì ti sùn kí wọ́n tó wá.

Àwọn kan ti ń wá ọgbọ́n dá sí i fúnra wọn. Àbúrò mi àti àwọn awakọ̀ bíi mẹ́rìnlá láàárín Iléṣà, Ifẹ̀ àti Òṣogbo ní ìkànnì WhatsApp kan. Ẹni tó bá rí ẹrù àbọ̀ tí kò lè gbé, yóò fi síbẹ̀ kí ẹni tó wà ní Èkó lọ́wọ́ gbé e, kí ó má baà sùn síbẹ̀. Àbúrò mi tún ti ń sọ fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí ẹrù kò bá ṣe tán nígbà tí òun bá dé, wákàtí méjì ni òun fi ń dúró lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó bá lé, owó ni. Àwọn kan bínú lọ. Àwọn tó kù ti ń di ẹrù wọn kí ó tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ohun tí mo lè bẹ̀ yín fún nìyẹn: ẹ béèrè aago tí awakọ̀ jí kí ẹ tó sọ aago tí ẹ fẹ́ kó dé. Ìwé ìsìnkú tó jáde lọ́jọ́ Ajé kò nílò kánjúkánjú.

Láàárọ̀ Ẹtì ọjọ́ yẹn, kí a tó gbé òkú jáde, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ bá awakọ̀ náà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Àpá sítíárìn ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó sọ fún mi pé láti aago mẹ́ta òru Ọjọ́bọ̀ ni òun ti wà lẹ́sẹ̀, pé Oǹdó ni òun ti gbé ẹrù lọ sí Èkó, pé ọ̀sán gbogbo ni òun fi dúró ní Ṣómólú, tí wọ́n ń sọ fún òun pé "ó ku díẹ̀". Ọmọ olóòkú kọjá, ó bá a níbi tó ti ń sọ ọ́, ó dúró, kò sọ̀rọ̀. Àkàrà kejì ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ẹnìkan ní Ifẹ̀ ní ẹrù kan tó fẹ́ kó dé Àkúrẹ́ kíákíá.

Ó gbọ́ ọ tán, ó wo aago ojú fóònù náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o. Aago mọ́kànlá ni n óò fi wá."

Ẹni náà ń ké nínú fóònù. Ó jẹ́ kó ké tán.

Ó ní, "Aago mọ́kànlá, sà. Mi ò tíì sùn tó." Ó gbé fóònù náà dojú délẹ̀ lórí àga, ó ti ẹ̀yìn àga rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun pa ilẹ̀kùn dé.